Ohùn Tí Onígíláàsì Ṣe fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Gíláàsì ni ọkùnrin yìí ń gé jẹun: ti fèrèsé, ti orí tábìlì, ti dígí tí èèyàn fi ń wojú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ilé ìtajà bàtà àti ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Bí o bá ti ń bọ̀ lókèèrè ni wàá ti máa gbọ́ ariwo irin tó fi ń fa ojú gíláàsì, eyín á sì máa kan ẹni tí kò bá mọ́ lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan, á fi ìka kàn án nídìí pẹ́rẹ́, gíláàsì á là sí méjì, kò ní sí èérún kan nílẹ̀. Ẹni tó bá ní kò mọṣẹ́, onítọ̀hún ń purọ́ ni.

Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé gíláàsì niṣẹ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kọ̀ǹpútà niṣẹ́. Gíláàsì kàn ń sanwó oúnjẹ ni. Ta ló gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún un? Kò sẹ́ni. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sẹ́ni pẹ̀lú. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n dé ibi tó mọ̀ ọ́n dé, tó fi jẹ́ pé ó lè jókòó tì í títí ọbẹ̀ á fi dì lórí oúnjẹ, kó máa kọ pírógíráàmù tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ̀kan tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ọ̀kan tó ń ránṣẹ́ sí fóònù ìyàwó rẹ̀ pé òjò ń rọ̀, iṣẹ́ náà á sì máa dé nígbà tí ìyàwó ọ̀hún ti dúró nínú òjò, tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Líníọ́ọ̀sì ni ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fọkàn balẹ̀, kò pàdánù oorun kankan. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tó ń gbé gbogbo yòókù dúró, bí ìpìlẹ̀ ṣe ń gbé ilé. Wíńdóòsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Líníọ́ọ̀sì ni ti àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa tú ẹ̀rọ ara wọn palẹ̀, kí wọ́n tún máa tò ó. Bí oníbàárà bá gbé láptọ́ọ̀pù Wíńdóòsì wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gbẹ́ni yìí á wò ó tàánú-tàánú, á ní, "Ẹ kú ìfaradà o." Ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin tó jẹ́ pé fèrèsé lẹ̀ ń ṣe jẹun, kí ni Wíńdóòsì wá fi ṣe yín?" Ó nawọ́ mú irin rẹ̀. Ó ní òun ń lọ wo gíláàsì kan.

Ọ̀rẹ́ méjì ló ní nídìí ọ̀ràn yìí, ọ̀sán Sátidé sì ni ìpàdé wọn, lórí àpótí pákó tí wọ́n fi ń kó gíláàsì wá. Èkínní ni Tíṣà, tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ìwé. Nínú gbogbo èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, Páítọ̀n ni Tíṣà yàn, ó ní ó rọrùn kà, kì í sì í ni èèyàn lára. Èkejì ni Onífíríìjì, tó ń tún fíríìjì ṣe. Rọ́ọ̀stì lèdè tirẹ̀. Ó ní èdè náà yára bí àṣá, kì í sì í gbà kí èèyàn ṣe àṣìṣe kankan. Ẹ wo ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀! Fíríìjì tó tún ṣe fún Tíṣà, aṣọ ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀ báyìí.

"Èdè ọmọdé ni Páítọ̀n," Onífíríìjì á wí.

"Ìwọ àgbàlagbà, kí lo ti fi tìẹ kọ parí?" Tíṣà á dá a lóhùn.

Onífíríìjì á yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíì. Nítorí, ká má parọ́, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan gidi kan parí rí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ dé ìdajì, èdè míì á jáde tó dára ju ti àná lọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó ti di àṣà wọn, wọn kì í sì í tijú ẹ̀.

Àfi ohun gidi kan ṣoṣo tí Onígíláàsì kọ parí láyé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ ọ́ fún.

Àǹtí ló máa ń pè é. Àǹtí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, òun ló nà án, òun náà ló ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó bá nà án tán. Ìdíkọ̀ rélùwéè ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ni ẹ ó máa gbọ́ lókè orí yín bí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀: "Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú irin kejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún kúrò létí." Ohùn náà tutù, kì í kánjú, ọkọ̀ tó bá pẹ́ dé kì í dun èèyàn púpọ̀ bó bá jẹ́ Àǹtí ló sọ ọ́. Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ ládùúgbò.

Àìsàn wá mú un lọ́fun. Dókítà ní kí àwọn yọ gògóńgò tàbí kí àwọn sin ín. Wọ́n yọ ọ́. Àǹtí yè, ohùn lọ. Ibi iṣẹ́ gbé e sí ìdí tíkẹ́ẹ̀tì, níbi tó jẹ́ pé ìka ló kù tó fi ń ṣàlàyé fún èrò.

Ká sọ òótọ́ fún Onígíláàsì: kò káwọ́ lẹ́rán. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi kọ pírógíráàmù kan ní Páítọ̀n, tó fi jẹ́ pé ohun tí Àǹtí bá tẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù á sọ ọ́ síta. Àǹtí tẹ̀ ẹ́ pé, "O ṣé, àbúrò mi." Ẹ̀rọ sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ dí nímú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Ìyàwó Onígíláàsì náà sunkún, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ọkọ òun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kọ̀ǹpútà máa ṣe èèyàn lóore.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni Onígíláàsì ń lọ sílé Àǹtí lọ yẹ ẹ̀rọ wò. Á ní, "Ẹ tẹ nǹkan kan, Àǹtí." Àǹtí á tẹ̀ ẹ́ pé, "Mo wà dáadáa." Onígíláàsì á dẹtí, kì í ṣe sí ọ̀rọ̀ náà o, sí ìgbà tó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Á ní, "Ó ṣì ń fà díẹ̀." Á tún nǹkan ṣe níhìn-ín, á tún òmíràn ṣe lọ́hùn-ún. "Ẹ tún un tẹ̀." Àǹtí á tún un tẹ̀ pé òun wà dáadáa. Bó bá ń padà sílé, inú rẹ̀ á máa dùn pé òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun.

Àsìkò tí Àǹtí máa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wá tó. Ọ̀gá ìdíkọ̀ ní àwọn máa kó jọ sí yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ láti fi ẹ̀rín sìn ín lọ sílé, ó sì bi í bóyá ó máa fẹ́ kí ẹlòmíì bá a sọ̀rọ̀ ìdágbére. Àǹtí ní rárá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ fún àbúrò rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù pé, "Èmi ni mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Èmi náà ni mo fẹ́ dágbére. Ẹlẹ́nu kan ò ní bá mi sọ ọ́."

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Àǹtí," ni Onígíláàsì wí. "Ẹ̀rọ yìí á sọ̀rọ̀ títí ara á ta wọ́n."

Bó bá dákẹ́ síbẹ̀, ìtàn tán. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, kí ló kù? Ẹnu ló kù. Ó di ọ̀sán Sátidé, ó lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì.

Onífíríìjì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. "Páítọ̀n? Níwájú gbogbo èrò? Kó tó ya ẹnu, àwọn èèyàn á ti sùn, wọ́n á ti jí."

Onígíláàsì wo ojú Tíṣà pé kó gba òun sílẹ̀, ṣebí èdè tirẹ̀ ni wọ́n ń bú. Tíṣà fọwọ́ nu awò ojú rẹ̀. "Páítọ̀n kọ́ ni wàhálà ẹ. Líníọ́ọ̀sì tó o gbé e lé lórí ni. Ti ọ̀lẹ nìyẹn, èyí tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti bù síwájú èèyàn. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe, á to tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Háà! Wọ́n pe Onígíláàsì lọ́lẹ. Bí ẹ bá jí owó rẹ̀, ó lè dárí jì yín. Ẹ má ṣáà ti fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbéra, ó lọ gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ Àǹtí, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe díẹ̀. Ó nù ún mọ́ pátápátá, bí ẹni fọ àwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to Líníọ́ọ̀sì ọ̀tun láti ìsàlẹ̀, ègé kan lẹ́yìn ègé kan, ó sì tún pírógíráàmù náà kọ láti orí, ní Rọ́ọ̀stì. Obìnrin kan wá béèrè gíláàsì fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, Onígíláàsì ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí obìnrin náà dé lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ní kó padà wá.

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í ní ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Kò yára tó ni."

"Ẹni tó fẹ́ sọ fáwọn èèyàn pé ó dàbọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ibo ló ń sáré lọ?"

Ó ní kó má yọ òun lẹ́nu, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ìyàwó mú báàgì rẹ̀, ó ní ọpọlọ náà ni òun ò rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ó ṣe é! Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Kò fà rárá. Bó o ti ń gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Onígíláàsì jó yí ká àpótí gíláàsì. Ó ké sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì pé dandan ni kí wọ́n wá síbi ìdágbére náà, kí wọ́n wá fojú rí i, kí wọ́n sì fi etí gbọ́ ọ.

Ọjọ́ pé. Láàárọ̀, bó ṣe fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì, ó ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ ní àpídéètì tuntun wà, ìyẹn àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà máa ń gbà wọlé. Ẹlòmíì á rí i, á pa ẹ̀rọ dé, á lọ wẹ̀. Àmọ́ ẹ mú ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀sìn Líníọ́ọ̀sì wá síbí, ẹ fi àpídéètì hàn án, kẹ́ ẹ ní kó má gbà á. Kò lè ṣeé ṣe! Tíṣà pàápàá máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà tí kò gba àpídéètì, ìkòkò tí wọn ò fọ̀ ni. Onígíláàsì tẹ bọ́tìnnì pé kó gbà á. Ọ̀rọ̀ funfun ń sáré lórí ojú dúdú, ó dára lójú rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó gbé báàgì, ó jáde. Kò dán an wò mọ́. Ṣebí àná ló dán an wò.

Yàrá ìjẹun kún àkúnya. Àwọn awakọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń gbálẹ̀ ìdíkọ̀. Ọmọ Àǹtí obìnrin jókòó níwájú. Tíṣà àti Onífíríìjì náà jókòó níwájú, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń dúró bí adájọ́. Ọ̀gá ìdíkọ̀ sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, kò fẹ́ tán mọ́, kó tó wá ní, "Ó kù sọ́wọ́ yín, Àǹtí wa."

Àǹtí dìde nínú aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀.

Onígíláàsì ti dìde. Ó sáré dé ìdí ẹ̀rọ, ó ṣí ojú dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ. "Ìṣẹ́jú kan, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú kan péré." Ó tún tẹ òmíràn. Onífíríìjì ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìpè, Tíṣà ti dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ṣó o gba àpídéètì láàárọ̀ yìí ni?" Tíṣà bi í.

"Ìwọ lo ní kéèyàn máa gbà á!"

"Mo ní kó o gbà á lónìí ni?"

"Ohùn ni ò jáde," Onífíríìjì wí, "Rọ́ọ̀stì ò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀ o. Ẹ má kó bá Rọ́ọ̀stì."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ Rọ́ọ̀stì? Ká ní o fi Páítọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà..." Tíṣà wí fún Onígíláàsì.

"Ìwọ tó o pe ti ẹ̀ ní ti ọ̀lẹ!" Onífíríìjì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Orí mẹ́ta dorí kọ láptọ́ọ̀pù kan, wọ́n ń jà lójú gbogbo ayé. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Ẹlòmíì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ṣe èémí. Ọ̀gá ìdíkọ̀ ń wo aago rẹ̀. Àǹtí jókòó sáàárín wọn, ó káwọ́ lé itan. Onígíláàsì ò lè wò ó lójú. Lọ́kàn rẹ̀, wọ́n tún ti yọ ohùn ẹ̀gbọ́n òun lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe dókítà, òun ni.

Àǹtí wá fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, jẹ́jẹ́. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ fóònù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́, wàrà-wàrà. Ọmọ rẹ̀ ti dìde, ó gbé máíkì sẹ́nu fóònù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Ẹ̀yin èrò wa," ni fóònù náà wí, ketekete, ní ohùn obìnrin tó tutù, "ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbéra ní aago mẹ́rin, ó pẹ́ díẹ̀ lójú irin."

Ilé wó fún ẹ̀rín. Fóònù ń sọ̀rọ̀ lọ. Àǹtí dárúkọ ọkọ̀ kan tí kò dé lásìkò rí láyé rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ bo ojú. Ó fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀gá rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ó kí àwọn tó wá ń kí i ní ilé ìwòsàn. Àwọn kan ń nu ojú. Ó wá ní, "Nígbà tí dókítà gba ohùn mi, àbúrò mi ló kọ́kọ́ fún mi ní òmíràn. Òun nìyẹn. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà dùn ún ju èébú lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó là á lójú kọ́ nìyẹn. Ohun tó là á lójú ni pé ẹnu ò ya ẹnì kankan. Gbogbo wọn ń gbọ́ fóònù bí ẹni gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́. Obìnrin agbálẹ̀ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ẹlẹ́nu mímú! Àná ni wọ́n fi fóònù yẹn bú mi ní ìdí tíkẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín."

Tíṣà sọ ọ́ sí Onígíláàsì létí jẹ́jẹ́. "Ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn, èdè wo lo rò pé wọ́n fi kọ ọ́?"

Onígíláàsì fi í sílẹ̀. Ó lọ bá ọmọ Àǹtí nígun yàrá.

"Látìgbà wo ni wọ́n ti ń fi fóònù sọ̀rọ̀?"

"Ó ti pẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá." Ọmọbìnrin náà ń wo ilẹ̀. "Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀fẹ́ ni ohun tó ń sọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo bá wọn gbé e sórí fóònù."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Màmá ni ò fẹ́. Wọ́n ní ẹ ti ṣe wàhálà jù, ká má ba inú yín jẹ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tẹ́ ẹ bá ti kanlẹ̀kùn báyìí, wọ́n á ní kí n sáré fa láptọ́ọ̀pù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n nu eruku orí ẹ̀."

Onígíláàsì fara ti ògiri. Ó gba ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti béèrè ohun tó ń fi sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn inú yàrá yìí ni Àǹtí ti bá tàkúrọ̀sọ, tó ti bú, tó ti tù nínú. Òun nìkan, ọmọ tó tọ́ dàgbà, ni kì í rí ju "Mo wà dáadáa" gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí èrò túká, tí wọ́n ń to àga jọ, ó lọ jókòó ti Àǹtí. Àǹtí rí ojú rẹ̀, ó rọra ti fóònù sínú báàgì, ó fa láptọ́ọ̀pù sọ́dọ̀, ó gbé ìka lé e pé kí àbúrò òun tún un ṣe. Onígíláàsì pa á dé.

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ mú fóònù yín. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Àǹtí fi ojú bi í pé ọ̀rọ̀ wo.

"Èyí tẹ́ ẹ ti ń fẹ́ sọ fún mi, tí mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ."

Àǹtí ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ," fóònù wí, "kí wọ́n tó tì mí wọlé, nọ́ọ̀sì ní bí ohun kan bá wà tí mo fẹ́ fi ohùn mi sọ, kí n sọ ọ́, kò ní sí òmíràn mọ́. Orúkọ ẹ ni mo pè. Ẹnu ọ̀nà lo wà, ò ń bá Tíṣà jà lórí fóònù. O ò wẹ̀yìn. O ní, 'Àǹtí, mò ń bọ̀.'"

Onígíláàsì wá ọjọ́ náà nínú orí rẹ̀. Ó rí i. Ó rántí ìjà yẹn dáadáa: Tíṣà ní Páítọ̀n ló máa gba gbogbo ayé, òun ní irọ́ ni. Ó rántí gbogbo ohun tí Tíṣà sọ àti gbogbo èsì tí òun fọ̀. Ó wá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí láàárín ariwo náà, kò rí i.